Ẹ̀gbọ́n, Mo Fẹ́ Kọjá

Àwọn àgbà ní àgbàlagbà kì í déédéé sáré. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì dé Idu lọ́jọ́ Sátidé rí. Ká ní ó dé ibẹ̀ ni, ì bá rí Adésànyà, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú, tí ẹ̀yìn ń dùn ún bí ẹni tó fi odindi ọjọ́ kọ ebè, tó ń lé nǹkan, tí nǹkan sì tún ń lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń lé ni ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí Tony, awakọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn, ń wà. Ohun tó ń lé e ni Abdulqudus, ọmọdé tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹní ọ̀rọ̀ náà dáadáa ká tó jókòó lé e. Bí èèyàn bá kọjá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Idu, ní olú-ìlú Nàìjíríà, tó rìn lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rù, yóò bá títì kan pàdé tí ilé-iṣẹ́ kan là síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé. Ilé kò dé mọ́, títì nìkan ló dé. Ó lọ, ó yí, ó gun òkè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹjọ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ọkọ̀ ń pa bí ọtí ti máa ń sáré ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn èèyàn á sì dúró sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ láti wò wọ́n.

Alhaja Mùlíkàt ló ni ẹgbẹ́ tí mò ń sọ. Ọmọ Ìlọrin ni, táyà ló ń tà ní ìtòsí Kado. Ó gbà pé ẹni tó bá rí táyà òun lórí eré tí kò bẹ́, kò ní lọ ra ti ẹlòmíì. Ọkọ̀ kéékèèké méjì ló ní, àtijọ́ ni méjèèjì. Wọ́n ti yọ gbogbo ìjókòó inú wọn àfi ti awakọ̀, wọ́n sì kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé. Adésànyà ló ti ń wa ọ̀kan láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ti wà. Ìkejì ni wọ́n gbé fún Abdulqudus nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́.

Kubwa ni Abdulqudus dàgbà sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ará Ọ̀yọ́ ni ìyá rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, torí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó kọjá àgbàlagbà kan ní àdúgbò láìkí i, ìbáà ṣe Gbagyi, ìbáà ṣe Tiv, ìbáà ṣe ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ọmọ náà ń wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní báńkì, ó fi í sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ eré dé Accra, kí òun ti ibẹ̀ dé Mòrókò, kí òun sì ti Mòrókò dé ibi tí àwọn òyìnbó ti ń wà á. Bàbá rẹ̀ bi í pé, "Nígbà tí o bá sáré náà tán, ibo lo dé?" Títì náà, ìyípo ni. Ibi tí èèyàn ti gbéra ló máa ń dé.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà, ìdánrawò lásán ni. Adésànyà wà níwájú, ó ń rọra lọ. Abdulqudus tẹ iná, ó kọjá lára rẹ̀ fùú, eruku bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Inú Alhaja dùn. Saeed, mẹkáníìkì ẹgbẹ́, pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á. Adésànyà dúró, ó jáde nínú ọkọ̀ tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó lọ jókòó sórí táyà kan. Abdulqudus sá lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n."

Adésànyà ń gbọn eruku kúrò nínú akoto rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Mo gbọ́."

Alhaja ní, "Adésànyà, kí ló dé? Ọmọ ń kí ọ."

"Ṣé ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi, Alhaja? Nígbà tó ń kọjá lára mi lọ́hùn-ún ńkọ́? Ó kọjá lára mi bí ẹni ń kọjá lára òpó iná. Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀ pàdánù ẹ kú ilé."

Saeed bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Ẹ̀gbọ́n, orí eré la wà o! Ta ló ń kí èèyàn lórí eré?"

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn lọ ba Abdulqudus níbi tó ń dùn ún. Ẹ lè pè é ní òpè, ẹ lè pè é ní oníwàǹwára, kò ní jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní wọn ò kọ́ ọ nílé, ìyá rẹ̀ lonítọ̀hún bú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Báwo ni kí n ṣe máa kí yín?"

"Gbọ́wọ́ sókè. Ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó. Kí n ṣáà mọ̀ pé o rí mi."

Bí òfin ìkíni ṣe wọ ẹgbẹ́ Alhaja nìyẹn. Àwàdà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Àmọ́ bí àwàdà bá pẹ́ nílé, àṣà ní í dà, ẹni tó mú un wọlé gan-an kò sì ní lè lé e jáde mọ́.

Ẹ wá wo ibi tí wàhálà wà. Apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú ọkọ̀ tiwa, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń yí jíà. Ta wá ni ọmọ Yorùbá tó jẹ́ fi ọwọ́ òsì kí àgbà? Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí Abdulqudus bá fẹ́ kọjá Adésànyà, ọwọ́ tó yẹ kó wà lórí jíà gan-an ló máa ń gbé sókè. Ìṣẹ́jú akàn ni o. Ṣùgbọ́n lórí eré, inú ìṣẹ́jú akàn ni ayé ń gbé. Á kọjá, á gbọ́wọ́, á dá ọwọ́ padà, ẹ́ńjìnnì á ti rọ̀ díẹ̀. Kó tó dé kọ́nà kejì, Adésànyà á ti tún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá padà sí iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí. Ọmọ náà kò ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ìlà ní Sátidé kankan.

"Fi ọwọ́ òsì kí i," Saeed sọ fún un lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń tú táyà. "Ọwọ́ òsì kò níṣẹ́ púpọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa fi ọwọ́ òsì kí?"

"Má wulẹ̀ kí i mọ́ nígbà náà."

"Kó tún ní wọn ò kọ́ mi nílé?"

Saeed fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. "Qudus, ọkọ̀ lo mọ̀ ọ́n wà, o ò mọ èèyàn. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti rí i pé o máa gba iwájú lọ́wọ́ òun. Kò lágbára tí yóò fi dá ọ dúró, ló bá fi ẹ̀kọ́ ilé dè ọ́ lọ́wọ́. Pàkúté ni. Ìwọ náà sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ bọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé, o tún ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́ sà."

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu Abdulqudus mọ́. Gbogbo nǹkan tí Adésànyà bá ṣe, ó di pàkúté lójú rẹ̀. Bí Alhaja bá kó táyà tuntun wá, Adésànyà ló ń kọ́kọ́ mú, torí àgbà ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ bọ abọ́, pàkúté ni. Adésànyà á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," á sì ti táyà àlòkù sí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Pàkúté náà ni. Ó ń sùn, kì í sinmi. Ó ń wa ọkọ̀, kò gbádùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ó ti rẹ ọmọ náà bí ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣe é.

Ó rẹ Alhaja náà. Lọ́jọ́ kan ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lábẹ́ ibòòji ilé ìkẹ́rù. Orókún ń dùn ún, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè fa ọkọ̀ méjì mọ́. Ọ̀kan ni mo máa dá dúró lẹ́yìn eré ìkẹyìn yìí. Mo máa ta ìkejì. Àgbò méjì kì í mumi nínú akèrègbè kan."

Adésànyà ní, "Ta ló máa wa èyí tó kù, Alhaja?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ṣe ojúsàájú. Adésànyà, o ti bá mi pẹ́. Qudus, ọ̀nà rẹ ṣì jìn. Ẹni tó bá ṣáájú ẹnìkejì dé ìlà lọ́jọ́ náà, òun ló ni ọkọ̀. Kódà bó ṣe pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbẹ́yìn gbogbo ayé, ẹni tó bá ṣáájú ẹnìkejì ni."

Ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́ fún Abdulqudus, ẹ ti mọ̀ ọ́n: bí kò bá rí ọkọ̀ wà, Accra parí, Mòrókò parí, bàbá rẹ̀ á sì tún bi í pé ibo ló dé. Ti Adésànyà ńkọ́? Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀sì ló ń wà láti Kubwa wọ àárín ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń kó. Ẹnìkan á ní kó dúró, òun fẹ́ sọ̀. Ẹlòmíì á ní kó máa yára, òun ti pẹ́. Ẹlòmíì á ní ibi tó já òun sí kọ́ ni òun wí. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni kì í sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ fún un pé kó dúró. Ó sọ ọ́ fún Alhaja lẹ́ẹ̀kan pé bí wọ́n bá gba Sátidé lọ́wọ́ òun, kò sí ọjọ́ tó kù.

Ọjọ́ eré ìkẹyìn pé. Ọyẹ́ bo ilẹ̀, òkè Idu ò tiẹ̀ hàn. Adésànyà jókòó lórí táyà rẹ̀ ní àárọ̀, ó ń jẹ àkàrà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kósáì, ó ń fi kúnú gbígbóná sìn ín. Abdulqudus ti pinnu. Gbogbo ọ̀nà láti Kubwa ló ti ń sọ ọ́ sínú ara rẹ̀: lónìí, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọmọ burúkú láìsọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Káàárọ̀, Qudus. Dìde, ò ń ba aṣọ jẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá tọrọ gáfárà ni. Lónìí, bí mo bá fẹ́ kọjá yín, mi ò ní gbọ́wọ́ sókè o."

Adésànyà dá àkàrà dúró lẹ́nu. "Dúró ná. O wá dọ̀bálẹ̀ kí mi, kí o lè sọ fún mi pé o ò ní kí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Yauwa. O ṣeun. Mo ti gbọ́."

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló ń bínú? Ó rẹ̀ mí ni. Mú kósáì kan."

"Ẹ ṣeun, sà. Mo ti yó."

"Àbí o rò pé mo fi májèlé sí i ni?"

Saeed tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Abdulqudus mú kósáì náà, ó jẹ ẹ́. Ó fẹ́ bi í ní ìbéèrè kan, ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun: Ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí kí n má baà kọjá lẹ ṣe kọ́ mi ní ìkíni yẹn? Ó gba kúnú, ó fi gbé e mì.

Nígbà tí wọ́n ju àsíá sílẹ̀, ọkọ̀ Tony kọ̀ láti gbéra dáadáa, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, kó tó lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Alhaja ti wà, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé méjèèjì ló wà níwájú. Alhaja gun orí òkìtì yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú orókún tó ń dùn ún, ó ń ju ìborùn. Adésànyà ni ìkíní, Abdulqudus ni ìkejì, Tony ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Abdulqudus wo ìdí ọkọ̀ yẹn títí ojú fi ń ta á. Oòrùn là, ọyẹ́ kò lọ. Eruku wọ ẹnu, ó wọ imú, òógùn dà sójú kò ṣeé nù. Ìyípo kan lọ, òmíràn dé. Ibi tí Adésànyà bá ti tẹ bíréèkì ni òun náà ń tẹ ẹ́. Ọkùnrin náà kò yára ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì fi àyè sílẹ̀. Ó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń bó iṣu, díẹ̀díẹ̀, láìṣòfò. Èjìká Abdulqudus ti le bí igi. Ó ń rò ó pé bóyá bí eléyìí bá parí, òun á lọ sùn ní ilé ìyá òun fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má jí òun.

Ó ku ìyípo kan. Kọ́nà tó kẹ́yìn yẹn, iyanrìn ló kún etí rẹ̀, torí àwọn ọkọ̀ tó ń kó yẹ̀pẹ̀ máa ń dà á sílẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn, ọkọ̀ Adésànyà yà díẹ̀ sí ọ̀tún, bóyá ó rẹ̀ ẹ́, bóyá táyà ló yọ̀. Àyè ṣí sílẹ̀ ní òsì. Abdulqudus kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ iná, ó wọ àyè náà. Wọ́n di ẹgbẹ́ kan. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, imú ọkọ̀ rẹ̀ yọ síwájú. Ohun tó kù kò ju kó yí jíà wálẹ̀, kó gba kọ́nà náà, kó máa lọ sílé.

Ọwọ́ rẹ̀ gbéra sókè.

Òun kọ́ ló gbé e. Ọwọ́ ló gbé ara rẹ̀, bí ó ti ń ṣe ní gbogbo Sátidé, bí ó ti ń ṣe láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń di orí rẹ̀ mú tì sílẹ̀ níwájú àwọn aládùúgbò. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ lókè, ó ṣe é bí ọwọ́ ẹlòmíì. Jíà kò yí. Ẹ́ńjìnnì ké. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sínú iyanrìn. Ó yíjú sí ọ̀tún pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé òun á fọ́ mọ́ Adésànyà, ojú rẹ̀ sì bá ohun tí kò retí: nínú ọkọ̀ kejì, ọwọ́ ọ̀tún Adésànyà náà wà lókè, ó nà án tọ́ọ́rọ́, ó ń dáhùn.

Ìdáhùn yẹn ná Adésànyà ní kọ́nà. Ọkọ̀ rẹ̀ náà yọ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Àwọn méjèèjì rì sínú iyanrìn, eruku sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì wà nítòsí ara wọn, ẹ́ńjìnnì wọn ti kú, wọ́n dojú kọ ara wọn bí àna méjì tó pàdé lọ́jà. Tony kọjá. Ó fọn fèrè títí ó fi dé ìlà.

Adésànyà yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wú ikọ́, kò jí. Ó tún yí i. Kò jí. Abdulqudus yí tirẹ̀, ó jí.

Adésànyà jáde ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó rìn wá sí ojú fèrèsé ọmọ náà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé e.

"Tiyín ò jí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kò jí. Tìrẹ?"

"Ó jí, sà."

"Mò ń gbọ́ ọ. Kí lo wá ń dúró ṣe? Máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín wo..."

"Wo kí ni? Ṣé ìwọ ni Saeed? Àwọn yòókù ń bọ̀. Mo ní kí o máa lọ, ọmọ yìí!"

Abdulqudus tẹ iná. Táyà yí lójú kan, ó ń wa ihò. Ó tún tẹ ẹ́, ó rì sí i. Ọmọ Nàìjíríà kì í rí ọkọ̀ nínú iyanrìn kó má tì í. Adésànyà ti bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kó tó mọ̀. Ó ti èjìká bọ̀ ọ́, ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn náà ló fi gbé e, ó ń kígbe pé, "Ó yá! Tún tẹ̀ ẹ́! Rọra! Rọra, mo ní!" Ọkọ̀ fò jáde, ó bọ́ sórí ọ̀dà.

Títì tọ́ níwájú rẹ̀ títí dé ìlà. Kò sí kọ́nà, kò sí jíà láti yí. Ó wo inú dígí, ó rí Adésànyà tó dúró láàárín títì, tó tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ òsì ní ìbàdí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sókè. Àgbà ló kọ́kọ́ kí ọmọdé.

Abdulqudus fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú. Kò gbé ìkankan. Bí ẹ bá bi í lónìí, kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ó kọjá ìlà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn Tony, ní ipò kejì, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Alhaja ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó dúró. Inú ń bí i, ẹ̀rín sì ń pa á, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ jáde.

"Ìkíni! Ẹ̀yin méjèèjì! Mo ti rí ìkíní àti ìkejì lọ́wọ́ mi, ẹ dúró ń kíra yín ní kọ́nà! Ṣé ilé ìkómọ lẹ wà ni?"

"Ẹ má bínú, Alhaja."

"Ọkọ̀ di tìrẹ, ọ̀rọ̀ mi kò yẹ̀." Ó wo ọ̀nà tí Adésànyà ń gbà bọ̀, tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú ọyẹ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èwo ló jí nínú méjèèjì?"

"Tèmi, mà."

"Èyí tó jí ni a ó dá dúró nìyẹn."

Wọ́n gbé ọkọ̀ tí kò jí náà sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n fi èyí tó jí sílẹ̀ ní ilé ìkẹ́rù. Saeed ló ń wa akẹ́rù náà lọ sí Kubwa, Abdulqudus wà láàárín, Adésànyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọ̀tún. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Wọ́n bọ́ sí títì márosẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Abdulqudus ní, "kí ló dé tẹ́ ẹ gbọ́wọ́ sókè?"

"Nígbà wo?"

"Ní kọ́nà. Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ni à ń jà lé lórí."

"Kí ni kí n ṣe? O kí mi."

"Mo ti sọ fún yín pé mi ò ní kí yín."

"O sọ bẹ́ẹ̀. O wá kí mi. Ṣé kí n jẹ́ kí ìkíni ọmọ ọlọ́mọ bọ́ sílẹ̀ ni?" Ó yán. "Ó ya èmi náà lẹ́nu díẹ̀, kí n má purọ́. Àmọ́ kí n tó ronú, ọwọ́ ti dáhùn. Ó ti mọ́ ọn lára."

"Ó ti mọ́ ọn lára báwo?"

"Ìgbà wo ni o kí mi tí mi ò dáhùn? Gbogbo Sátidé ni mo ń dáhùn. Ìwọ ni kì í wẹ̀yìn."

Saeed yí jíà. Ó tẹjú mọ́ títì.

Abdulqudus jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ó ń ka gbogbo Sátidé padà lọ́kàn. Gbogbo ìgbà tó gbọ́wọ́ tó pàdánù jíà, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà gbọ́wọ́, ó pàdánù jíà tirẹ̀, ó sì tún gba iwájú padà. Ọgbọọgba ni ìkíni náà ná wọn. Ohun tó ti ń pè ní pàkúté látọjọ́ yìí, kò dè é ju bó ṣe de ẹni tó dẹ ẹ́ lọ. Ó kàn jẹ́ pé ọkùnrin náà mọ ọkọ̀ wà jù ú lọ ni. Ọkọ̀ tó jí sì ti di tirẹ̀.

Ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó fẹ́ sọ pé òun rí i nínú dígí, pé òun rí ọwọ́ yẹn. Nígbà tó máa fi yíjú, Adésànyà ti sùn. Sátidé ti parí lára rẹ̀. Orí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, akẹ́rù bọ́ sínú kòtò kan, orí náà sì wá bà lé èjìká ọ̀tún Abdulqudus, ó dúró síbẹ̀. Ó wúwo, ó ń rùn bí eruku àti epo.

Ní kété tí wọ́n yà sí Kubwa, àwọn èrò wà létí títì. Ọkùnrin kan láàárín wọn, tó di báàgì ọ́fíìsì mú, rí ojú Adésànyà nínú fèrèsé. Bóyá ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé ní àárọ̀ ni. Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n Sànyà! Ó dàárọ̀ Mọ́ńdè o!"

Ẹni tí wọ́n ń kí kò gbọ́. Ó sì di dandan kí ẹnìkan dáhùn. Abdulqudus gbìyànjú láti gbé ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti kú tipiri lábẹ́ orí àgbà tó ń sùn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, lórí itan rẹ̀. Kò lò ó. Ó tẹrí ba fún ọkùnrin náà, ó rọra tẹ̀ ẹ́, kí èjìká má baà mì, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé.